Gàníyù àti Ẹranko Oníyẹ̀ẹ́ Inú Iyanrìn

Bàbá mi ló ní kí n kọ ọ́, kí n má sì fi nǹkan kan pamọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ará Gàmbàrí, àdúgbò wa ní Ìlọrin, ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará Mòngólíà ń mu wàrà ẹṣin, bóyá mo rí yìnyín, bóyá wọ́n ń jẹ ejò. Ní Ìpàta, níbi tí mo ti ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, oníbàárà kì í na ọjà mọ́ kí ó tó béèrè Mòngólíà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í wù mí. Ẹ wáá jókòó, n ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè jẹ́ kí n rójú ta ọkà mi.

Àbúrò mi ni Gàníyù, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, òun a jókòó ti àwọn adìẹ Ìyá wa nínú agbo ilé, a máa wo ẹsẹ̀ wọn. Ó lè wo àgbébọ̀ tó ń sàba títí ọbẹ̀ tí wọ́n ní kí ó ṣọ́ yóò fi jóná. Ìyá wa a ní adìẹ ni ọmọ yìí yóò fẹ́. Ó dàgbà, ó wọ yunifásítì, ó kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé adìẹ ní ìbátan kan láyé àtijọ́, dáínósọ̀ kan tó ní ìyẹ́ lára, tó ní eyín lẹ́nu, tó sì ń pa ẹran jẹ. Ọ̀rọ̀ mìíràn tán lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Egungun irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wà nínú aṣálẹ̀ Góbì ní ilẹ̀ Mòngólíà, ibẹ̀ ló sì gbà lọ.

Ibẹ̀ ló kú sí. Lọ́dún tó kọjá, lásìkò tí àwa ń retí iṣu tuntun, òkè iyanrìn ya lù ú níbi tó ti ń hú egungun. Nígbà tí wọ́n fi máa hú òun náà jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ pè wá láti inú aṣálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlú jìnnà sí wọn, wọn kò sì mọ bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí. Bàbá wa béèrè bóyá Mùsùlùmí kankan wà láàárín wọn. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo wà, awakọ̀ wọn, ọmọ ẹ̀yà Kàsákì. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Alfa ni Bàbá wa, òun ni lemọ́mù mọ́ṣáláṣí agbo ilé wa, Lárúbáwá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Awakọ̀ náà gbọ́ ọ díẹ̀ láti ilé kéwú. Èmi ní tèmi, n kò gbọ́ ọ kọjá ti ìrun. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Gàmbàrí, ó ń sin ọmọ rẹ̀ sí Mòngólíà. Ó sọ bí wọn yóò ṣe wẹ̀ ẹ́, bí wọn yóò ṣe fi aṣọ funfun dì í, bí wọn yóò ṣe gbẹ́ ilẹ̀, bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ ẹ, àti ibi tí wọn yóò kọ ojú rẹ̀ sí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó parí, ó dá fóònù padà fún mi, ó sì wọlé lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ìyẹn nìkan ló ń tù ú nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, á sọ fún un pé ọmọ òun kò kú ikú ẹran, pé ẹnu òun lòun fi tọ́ ọ dé inú sàréè, òun sì kọ ojú rẹ̀ sí kíbílà, síbi tí Mẹ́kà wà. Àwọn àlejò a ní alihamdulilahi, wọn a ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, kò sọ ọ́ mọ́. A rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá wa ló wá ń sọ ọ́ dípò rẹ̀, òun kò sì jẹ́ kí ó rẹ òun.

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù. Ìyá wa ní ti òun jẹ́ méjèèjì, torí òun kò rí òkú, òun kò rí sàréè. Kí ọ̀kan nínú wa lọ dúró níbẹ̀, kí ó ṣe àdúà sí i, ìgbà náà ni òun yóò tó gbà pé òun bí i, òun sì sin ín. Nígbà òtútù, ilẹ̀ ibẹ̀ le bí irin, wọn kì í gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ibùdó wọn lọ́dún yìí, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Oyúnà, ránṣẹ́ pé kí ẹnìkan wá láti ilé wa. Èmi ni wọ́n rán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, Bàbá pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Súlù, ohun kan ni kí o wò fún mi. Wò ó bóyá wọ́n ṣe é bí mo ṣe wí."

Mo ní mo gbọ́.

Úlánbátà

Wọ́n ní ìgbà ooru ti dé. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta lérí ara wọn, eyín mi sì ń gbá ara wọn síbẹ̀. Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè, ilé gogoro wà níbẹ̀, àgọ́ roboto tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe náà wà létí ìlú. Èèyàn dúdú kan ṣoṣo ni mo rí yàtọ̀ sí ara mi, òun náà wà nínú dígí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ère ni. Àwọn èèyàn ń bẹ̀ mí kí a jọ ya fọ́tò. Mo gbà fún àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí ojú mi kò dára fún fọ́tò lásìkò náà, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ fún pé ọ̀fọ̀ ni mo bá wá?

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà hù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní nǹkan, wọn a fi ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, dandan ni kí ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà di ìjà lọ́jọ́ iwájú. Ọkùnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí a bá gbé àṣà yìí wá sí Ìpàta, a kò ní rọ́wọ́ wọn ọkà. Ní ti oúnjẹ, tíì oníyọ̀ ni wọ́n fi kí mi, wàrà nínú rẹ̀. Ẹran àgùntàn bíbọ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rá rẹ̀ ju ẹran rẹ̀ lọ, kò sì sí ata níbẹ̀ rárá. Wọ́n fi dá mi lójú pé Mùsùlùmí ló pa á. Mo bu ata gígún tí Ìyá dì fún mi sí i. Oyúnà ní kí òun tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò, ó dìde, ó jáde, ó sì pẹ́ kí ó tó wọlé padà.

Nínú yàrá tí mo sùn, mo tẹ̀lé ọfà inú fóònù mi fún kíbílà. Kùrukùru bo ojú ọ̀run, aṣọ fèrèsé nípọn. N kò bi ara mi léèrè apá ibo ni mo kọjú sí.

Kí a tó lọ sí aṣálẹ̀, Oyúnà mú mi lọ síbi iṣẹ́ wọn, ó ní kí n rí ohun tí àbúrò mi torí rẹ̀ wá. Ẹ má ronú nípa ẹran tó ga bí ilé. Ẹranko yìí kò ju tòlótòló ńlá lọ, àfi ìrù rẹ̀ tó gùn, tó le gbọn-in bí ọ̀pá. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ìyẹ́ bò ó láti orí dé apá, síbẹ̀ kò lè fò. Oyúnà fa ìka mi lọ sára egungun apá rẹ̀, mo sì kan àwọn kókó kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ibẹ̀ ni ìyẹ́ ti hù. Eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ó rí ṣákaṣàka bí ayùn. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní èékánná kan tó rí bí dòjé, tí kì í jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ nígbà tó bá ń rìn, kí ó lè máa mú nígbà gbogbo.

Mo bi í pé kí ló ń fi í ṣe. Ó ní ó ń fi í di ẹran mú ni. Aláǹgbá, ẹran kéékèèké, ọmọ àwọn dáínósọ̀ mìíràn, yóò fò lé e, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì kàn án mọ́lẹ̀, yóò máa lu apá rẹ̀ kí ó má baà ṣubú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo ní ṣé kì í kọ́kọ́ pa á ni. Ó ní rárá, pé àwòdì pàápàá kì í kọ́kọ́ pa ẹran rẹ̀ nígbà mìíràn. Mo rántí òròmọdìẹ Ìyá wa kan tí àwòdì gbé, tó ń ké lókè títí a kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Gàníyù nìkan ni kò wọlé lọ́jọ́ náà. Ó dúró, ó ń wòkè.

Ayé ẹranko náà le. Oyúnà fi egungun kan hàn mí tó dá, tó sì tún so padà. Ó fi òmíràn hàn mí tí ihò eyín wà lára rẹ̀, ihò eyín irú tirẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà; bí kì í ṣe ebi, ìjà ni, bí kì í ṣe ìjà, iyanrìn ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọn a ká ara wọn jọ, wọn a ki orí bọ abẹ́ apá bí adìẹ orí ọ̀pá. Inú mi kò dùn sí i pé èyí wọ̀ mí lójú. Ẹranko tó pa àbúrò mi ni mo kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú kí aráyé tó dé ayé.

Góbì

Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rí ọ̀kẹ́rẹ́, n kò rí igi tí ọ̀kẹ́rẹ́ yóò gùn. Ilẹ̀ ni, ojú ọ̀run ni, atẹ́gùn tó ń fọ́n iyanrìn sí èèyàn létí ni. Ọkọ̀ ń fò lórí òkúta láti àárọ̀, atẹ́gùn kò sì jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀, nítorí náà orí ìjókòó ni mo ti kírun bí arìnrìn-àjò.

A yà sí àgọ́ ìyá àgbà kan. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ìloro rẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ bí ẹni tó ń fo àgbàrá. Ó gbé abọ́ wàrà ẹṣin fún mi, èyí tí wọ́n ti jẹ́ kó kan, tó sì ti ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀ bí ọtí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, mo fi kan ètè lásán, mo sì dá a padà. Kò bínú. Ó ní èyí tó jọ mí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Oyúnà sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, ó di orí mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbóòórùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọ̀tún àti òsì. Báyìí ni àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń kí ọmọ wọn. Láti ìgbà tí Gàníyù ti kú, n kò tíì sunkún. Inú àgọ́ ìyá yẹn ni mo ti sun ún.

A dé ibùdó lọ́sàn-án. Awakọ̀ tó bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló kọ́kọ́ jáde sí mi, ọkùnrin kúkúrú kan tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú. Ó sálámà sí mi. Orúkọ rẹ̀ ni Serik. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ọ̀dọ̀ Gàníyù ló sì ti kọ́ ọ, torí mo gbọ́ ohùn Ìlọrin nínú rẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ kì í dúńbú àgùntàn. Wọn a la àyà rẹ̀ díẹ̀, wọn a ki ọwọ́ bọ inú, wọn a já iṣan ẹ̀mí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Nígbà tí Gàníyù kọ́kọ́ dé, búrẹ́dì àti ìrẹsì lásán ló ń jẹ, ó sì ń rù. Serik wo èyí títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúńbú ẹran fún àwọn méjèèjì lọ́tọ̀. Wọ́n ń jẹ ẹran papọ̀, wọ́n ń kírun papọ̀.

Inú kòtò

Oyúnà mú mi lọ síbi kòtò kí n tó sinmi, torí mo ní n kò ní sinmi. Ọ̀kan nínú irú ẹranko náà wà níbẹ̀ lódindi. Ó jókòó. Ẹyin rẹ̀ yí i ká nínú iyanrìn pupa tó ti di òkúta, wọ́n fi ṣóńṣó ró sínú ilẹ̀ bí ìgò tí a rì mọ́lẹ̀, òun sì wà láàárín wọn, ó na apá méjèèjì bò wọ́n. Mo ti rí ìjókòó yẹn rí. Nínú agbo ilé wa, lẹ́yìn ìkòkò omi Ìyá, àgbébọ̀ kan wà níbẹ̀ báyìí tó jókòó bẹ́ẹ̀ gan-an.

Oyúnà ní ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ abo. Nínú irú wọn, ó jọ pé bàbá ló ń sàba. Òjò ti rin òkè iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkè náà yọ̀, ó wó. Ẹranko yìí yára ju èèyàn lọ, ó sì yẹ kí ó sá. Kò dìde lórí ẹyin rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fi ògiri iyanrìn tó wà lókè hàn mí, ibi tó ti ya. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Gàníyù wà nílẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn kúrò lára apá ẹranko náà, torí ó ti rí àwọn kókó ìyẹ́ níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Oyúnà ní, "Ohun tó pa ẹranko yìí náà ló pa á."

Inú bí mi. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òkú lọ́dọ̀ wọn nìyí, ṣé ẹgbẹ́ ẹranko ni àbúrò mi.  Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, ó sì tún ń nù ún lẹ́yìn tó ti mọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà sọ ọ́.

Sàréè

Orí ilẹ̀ gíga kan ni wọ́n sin ín sí, níbi tí iyanrìn kò lè ya dé. Wọ́n to òkúta yí i ká. Wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sí apá orí, Serik sì fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní àjàmí, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá. Mo wo ibi tí oòrùn ń rọ̀ sí, mo sì mọ apá tí gbogbo nǹkan wà. Orí rẹ̀ wà ní gúúsù bí a ti ń ṣe é nílé gẹ́lẹ́. A jẹ́ pé ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ṣe é bí Bàbá ṣe wí. Mo ya fọ́tò fún Ìyá, mo jókòó, mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo jíṣẹ́ gbogbo ilé fún un.

Nígbà tó di ìrun alásárì, mo dìde, mo tẹ́ aṣọ, mo kọjú síbi tí Gàníyù kọjú sí, mo gbé ọwọ́ sókè. Serik wá láti ẹ̀yìn mi. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di èjìká mi mú, ó sì yí mi padà títí oòrùn ìrọ̀lẹ́ fi wọ̀ mí lójú.

Mo rò pé ó ṣì í ni. Mo na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi ọfà hàn mí, ìwọ̀-oòrùn ni ọfà náà dojú kọ. Mo dúró, ọpọlọ mi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ní Ìlọrin, Mẹ́kà wà níwájú wa, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Bàbá, ibẹ̀ ló ń kọjú sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí èmi náà, ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti fò kọjá Mẹ́kà lójú òfurufú, n kò sì ronú nípa rẹ̀. Ní Mòngólíà, ẹ̀yìn wa ló wà.

A kírun náà. N kò mọ ohun tí mo kà. Nígbà tí mo sálámà sí ọ̀tún àti sí òsì, mo wo sàréè. Àwa méjèèjì kọjú sí Mẹ́kà. Gàníyù kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ṣé o mọ̀?" Mo bi í.

Serik ní, "Mo mọ̀. Nígbà tó wà láyé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń dúró sí kírun lójoojúmọ́, mo mọ ibi tí ó ń kọjú sí."

"Kí ló dé tí o fi sin ín báyìí?"

"Mo tún bi bàbá yín léèrè. Ó tún sọ pé ìlà-oòrùn. Àlùfáà ni, èmi awakọ̀ ni mí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í bá bàbá jiyàn lórí òkú ọmọ rẹ̀."

 Lọ́dọ̀ tiwa náà, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní èmi ni mo wà nípò rẹ̀, èmi náà ìbá gbọ́ràn.

Bí wọ́n ṣe yí ẹranko náà padà

Wọ́n gbé ẹranko náà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ títí ó fi dúró lórí ọrùn ilẹ̀ tínínrín kan. Wọ́n rẹ aṣọ sínú efun tí wọ́n pò, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán ní ọsibítù, wọ́n fi wé òun àti ẹyin rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Ó jọ òkú tí a dì. Nígbà tó gbẹ, gbogbo wọn yí i ká, Oyúnà kígbe, wọ́n sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kan kò fọ́. Ẹranko tí kò mira láti ìgbà tí ayé ti wà, wọ́n yí i síbi tó wù wọ́n, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́.

Oyúnà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lẹ́nu Serik. Ó wá bá mi, ó ní bí mo bá fẹ́, àwọn lè ṣí sàréè náà. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni, pé àwọn lè yí i padà láìjẹ́ kí ohunkóhun kúrò láyè rẹ̀. Inú rere ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo efun funfun ọwọ́ rẹ̀, ara mi sì bù máṣọ.

Mo bi Serik. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun sùn, pé nígbà òtútù òun lọ bá àgbà àlùfáà kan ní ìlú àwọn. Àgbà náà ní ká ní ọjọ́ díẹ̀ péré ni, kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ara òkú bá ti yí padà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Mo ronú títí wọ́n fi gbé ẹranko náà sínú ọkọ̀. Mo wá ní kí wọ́n fi àbúrò mi sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ṣọ́bìrì kàn án.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló kù. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè ṣe fún ọmọ rẹ̀, ó ṣe é, ó sì ṣì í. Bí mo bá sọ fún un, kí ló kù fún un? Lójú ọ̀nà padà, mo rí àbáyọ kan: n kò ní purọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣe é bí òun ṣe wí. Wọ́n ṣe é. N ó sọ ìyẹn, n ó sì pa ẹnu mi mọ́.

Gàmbàrí

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, èyí tí kò tilẹ̀ dùn ńkọ́? Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbé mi kọjá Ìpàta, tí mo rí àwọn lọ́rì oníṣu, tí òórùn ata lù mí nímú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí n lọ jókòó sí ìsọ̀ mi, kí n má dé ilé rárá.

Ìyá ti pa adìẹ dè mí. Ó rí fọ́tò náà, ó fi ìka tọ òkúta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ó dára, ó ní ó mọ́. Ó sunkún, ó sì padà sídìí adìẹ tó ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo fọ́tò. Ó ní kí n súnmọ́ òun.

"Ṣé wọ́n ṣe é bí mo ṣe wí?"

"Wọ́n ṣe é, Bàbá. Bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ba. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni, mo sì ti fẹ́ dìde.

Ó ní, "Láti ọjọ́ kẹjọ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má ti gbọ́ tèmi."

Mo tún jókòó. Ó ní lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ àdúà náà, òun jókòó níwájú jámáà, òun ṣì kọjú sí kíbílà, oòrùn yọ, ó wọ òun lójú, òun sì rántí lójijì pé ọmọ òun kò sí ní Ìlọrin. Ó lọ bi olùkọ́ kan pé apá ibo ni Mòngólíà wà sí Mẹ́kà, bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Olùkọ́ náà fi hàn án. Kò rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìrètí kan ló kù fún un, pé awakọ̀ yẹn á gbọ́n ju òun lọ, á sì ṣàìgbọràn. Ìyẹn ló rán mi lọ wò.

Ó bi mí bóyá awakọ̀ náà mọ̀. Mo ní ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá bàbá jiyàn lórí òkú ọmọ rẹ̀. Bàbá ní ọmọlúwàbí ni. Ó wá pe Ìyá, ọwọ́ Ìyá sì kún fún ìyẹ́ adìẹ nígbà tó dé. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Ìyá gbọn ìyẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó bi mí bóyá oòrùn máa ń yọ dáadáa níbi tí Gàníyù ń wò yẹn.

Mo ní, "Ó ń yọ dáadáa, Ìyá. Nǹkan kan kò dí i."

Wọ́n pe ìrun. Ní gbogbo ayé mi, n kò rí i kí Bàbá wà nílé kí ẹlòmíràn síwájú ní mọ́ṣáláṣí wa. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí Alfa kejì síwájú, òun sì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú sàfú, lórí ìlà àwọn tó ń kírun lẹ́yìn, èjìká rẹ̀ kan tèmi. Gbogbo wa kọjú sí ìlà-oòrùn.